Bí a ṣe ń fi ìlànà ìtọ́jú onítànṣán kan wé òmíràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àpòlúkù

Nígbà tí wọ́n bá ti gé jẹjẹrẹ àpòlúkù kúrò, tí àwọn dókítà sì pinnu pé aláìsàn yóò gba ìtànṣán, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ẹbí ni pé irú ẹ̀rọ wo ni ilé ìwòsàn náà ní. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Orúkọ ẹ̀rọ kò lè sọ bí kíndìnrín òsì yóò ṣe rí lẹ́yìn ọdún méjì, kò sì lè sọ bóyá ìtànṣán bo ojú ìsopọ̀ tí dókítà oníṣẹ́ abẹ rán. Ohun tí a ń fi wé ara wọn gan-an ni ètò ìtọ́jú méjì tàbí mẹ́ta tí a ṣe fún ara ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn tí mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ni nọ́ọ̀sì, dókítà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ìṣègùn, àti ẹbí tí ó fẹ́ mọ ohun tí òun lè béèrè láìfi àkókò dókítà ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí tí ìtànṣán fi kan aláìsàn yìí

Ìwádìí Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí INT-0116, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001, ni ó gbé ìtànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dìde. Aláìsàn 556 ni ó kópa nínú rẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní 45 Gy ìtànṣán pẹ̀lú oògùn fluorouracil àti leucovorin, ìdajì ni ó lò ju oṣù 36 lọ láyé. Nínú àwọn tí iṣẹ́ abẹ nìkan mọ sí, oṣù 27 ni. Ṣùgbọ́n ìdá 10 péré nínú 100 àwọn aláìsàn yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí a ń pè ní D2 fún, èyí tí dókítà fi ń kó àwọn kókó límfù tí ó yí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ibẹ̀ ká kúrò. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní Kòríà nínú ìwádìí ARTIST, níbi tí D2 ti jẹ́ àṣà, àti nínú ìwádìí CRITICS tí Netherlands, Sweden àti Denmark jọ ṣe, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2018, ìtànṣán kò fi kún ọjọ́ ayé àwọn aláìsàn lápapọ̀ ju bí kẹ́mò, oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nìkan ti ṣe lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ìtànṣán ṣì kàn jù ni ẹni tí wọn kò kó kókó límfù rẹ̀ tó, ẹni tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣì wà ní etí ibi tí ọ̀bẹ gbà, àti ẹni tí kò gba kẹ́mò kankan kí ó tó dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Bí aláìsàn kò bá sí nínú àwọn wọ̀nyí, kí a béèrè ìdí tí a fi fẹ́ lo ìtànṣán rárá, kí a tó jókòó ti ọ̀rọ̀ pé ìlànà wo ni ó dára jù. Ìlànà tí ó dán jù lọ kì í sọ ìtọ́jú tí kò pọn dandan di èyí tí ó pọn dandan.

Gy tí mo kọ sókè yìí ni ìkékúrú Gray, òṣùwọ̀n agbára ìtànṣán tí ara gbà. 45 Gy náà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: 1.8 Gy ni lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìgbà 25 lápapọ̀. Iye yìí kò yí padà nítorí pé ẹ̀rọ kan jẹ́ tuntun. Ohun tí ó ń yàtọ̀ láti ìlànà kan sí òmíràn ni ibi tí èyí tí kò bá ojú jẹjẹrẹ ń lọ.

Àwọn ìlànà tí ó wà

Èyí tí ó pẹ́ jù ni ti iwájú àti ẹ̀yìn: ìtànṣán kan wọlé láti iwájú ikùn, èkejì láti ẹ̀yìn. Òun ni wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn INT-0116. Ó rọrùn, ẹ̀rọ cobalt-60 pàápàá lè ṣe é, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó wà lójú ọ̀nà ni ó ń gba iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, títí kan mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn àti apá kíndìnrín òsì tí ó sún mọ́ ibi tí àpòlúkù wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń kọ ní 3D-CRT dé. Níbẹ̀, a ó ya àwòrán CT, èyí tí ń fi inú ara hàn ní ìpele ìpele, a ó fi ìlà yí ibi ìtọ́jú àti ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ká lórí kọ̀ǹpútà, a ó sì dojú ìtànṣán mẹ́ta sí márùn-ún kọ ibẹ̀ láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹnu ìtànṣán kọ̀ọ̀kan yóò gba ìrísí ibi tí ó ń lọ.

IMRT lọ jìnnà ju èyí lọ. Ó ń pín ìtànṣán kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, kí apá kan lágbára, kí apá kejì rọ̀, láti igun márùn-ún sí mẹ́sàn-án. Nínú 3D-CRT, ènìyàn ni ó ń yan igun tí ó sì ń wo ohun tí ó máa jáde. Nínú IMRT, a máa ń kọ ohun tí a fẹ́ àti ohun tí a kò fẹ́ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò sì wá bí yóò ṣe mú un ṣẹ. VMAT jẹ́ ọmọ ìyá IMRT: ẹ̀rọ náà ń yí ara aláìsàn po bí ó ti ń tan ìtànṣán lọ, iṣẹ́ tí IMRT lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣe, òun lè parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tomotherapy ń yí po bákan náà, ṣùgbọ́n ibùsùn aláìsàn ń rìn wọ inú ẹ̀rọ lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó ń yí. Ní ti proton, irú ìtànṣán kan tí kò kọjá sí òdìkejì ibi tí a dá a dúró sí, mo mẹ́nu bà á kí ẹ má baà rò pé mo gbàgbé rẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn tí ó ní in kò pọ̀ láyé, afẹ́fẹ́ inú ìfun sì máa ń yí ibi tí ó dúró sí padà, ohun tí ó mú kí ó ṣòro láti gbẹ́kẹ̀ lé nínú ikùn òkè.

Ìpìlẹ̀ kan náà ni kí a fi kọ́ ètò méjèèjì

Ìfiwéra tí ó wúlò kò ní ìpìlẹ̀ méjì. Àwòrán CT kan náà ni kí a lò, ìlà kan náà ni kí a fi yí ibi ìtọ́jú ká, iye 45 Gy kan náà ni kí a kọ, àlàfo ààbò tí a fi yí ibi ìtọ́jú ká nítorí mímí àti ìyípadà ojoojúmọ́ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá dín àlàfo yẹn kù nínú ètò IMRT, tí ó sì jẹ́ kí ó gbòòrò nínú ètò 3D-CRT, ti fún IMRT ní àǹfààní tí kì í ṣe ti IMRT. Mo ti rí i nínú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, wọn kò sì mọ̀ pé ohun tí àwọn ń ṣe nìyẹn.

Ibi ìtọ́jú yìí fúnra rẹ̀ nílò ìjíròrò. Ó máa ń kó ìyókù àpòlúkù mọ́ra bí ó bá ṣẹ́ kù, pẹ̀lú ojú ìsopọ̀, ibi tí kókó jẹjẹrẹ wà kí wọ́n tó gé e, àti àwọn kókó límfù tí ewu wà fún. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ń fa ìlà gbọ́dọ̀ ní ìwé iṣẹ́ abẹ, èsì àyẹ̀wò ẹran ara, àti àwòrán CT tí a yà ṣáájú iṣẹ́ abẹ níwájú rẹ̀. Nínú INT-0116, nígbà tí àwọn ọ̀gá ìtànṣán yẹ ètò àwọn ilé ìwòsàn wò, ìdá 35 nínú 100 ni wọ́n rí àṣìṣe kékeré tàbí ńlá nínú rẹ̀, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ jù lọ ṣe kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè tọ́jú ibi tí wọn kò fà sínú ìlà.

Nígbà tí ètò méjèèjì bá ti jáde, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń wò ni bóyá ibi ìtọ́jú gba ohun tí a kọ fún un. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò ni pé ó kéré tán ìdá 95 nínú 100 ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìdá 95 iye tí a kọ, kí ibi tí ó gbóná jù, èyí tí ìtànṣán pọ̀ sí jù, má sì kọjá ìdá 107. Ẹ má ṣe fi mọ sí orí nọ́ńbà. Ẹ yí àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ wo ibi tí ó tutù, níbi tí ìtànṣán kò tó: bí ìdá márùn-ún tí kò gba tó bá kó ara rẹ̀ jọ sí ojú ìsopọ̀, ètò náà ti kùnà bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ yọrí. Ẹ wo ibi tí ó gbóná pẹ̀lú, nítorí pé ibi gbígbóná tí ó bọ́ sí ara ògiri ìfun kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí ó wà láàárín ibi tí wọ́n ti gé kókó kúrò.

Kíndìnrín ni ìdájọ́ máa ń dá lé lórí

Àpòlúkù wà ní apá òsì, kíndìnrín òsì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìdajì ìfiwéra yìí, ọ̀rọ̀ kíndìnrín ni. Àwọn dókítà ní Netherlands tẹ̀ lé àwọn aláìsàn tí wọ́n fún ní ìtànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àpòlúkù, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ kíndìnrín òsì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, láìsí ìrora tí yóò ké sí aláìsàn. Ní 2010, àwọn dókítà Stanford ní Amẹ́ríkà fi àwọn tí ó gba 3D-CRT wé àwọn tí ó gba IMRT: kò sí ìyàtọ̀ tí ó dájú nínú bí wọ́n ṣe pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó gba 3D-CRT ga sí i, ti àwọn tí ó gba IMRT kò yí padà. Ìwádìí kékeré ni, kì í ṣe èyí tí a fi kèké pín aláìsàn sí ẹgbẹ́, síbẹ̀ ó bá ohun tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn mu.

Òṣùwọ̀n QUANTEC, àkójọ ààlà iye ìtànṣán tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan lè gbà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, dá a lábàá pé kí àròpín ohun tí kíndìnrín méjèèjì gbà má tó 18 Gy, kí apá tí ó gba 20 Gy tàbí jù bẹ́ẹ̀ má sì tó ìdá 32 nínú 100. Ó fi kún un pé bí kò bá ṣeé ṣe láti mú àròpín kíndìnrín kan wá sísàlẹ̀ 18 Gy, kí apá kíndìnrín kejì tí yóò gba ju 6 Gy lọ má tó ìdá 30. Gbólóhùn kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni ó wúlò jù fún àpòlúkù.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe là á yé. Ètò kìíní, 3D-CRT, fún kíndìnrín òsì ní àròpín 24 Gy, ó sì fún ti ọ̀tún ní 4 Gy. Ètò kejì, VMAT, fún ti òsì ní 14 Gy, ó sì fún ti ọ̀tún ní 11 Gy. Bí a bá pa ti òsì àti ti ọ̀tún pọ̀, kí a sì pín in sí méjì, 14 ni ti ètò kìíní, 12.5 ni ti ètò kejì, ẹni tí ó bá yára yóò sì sọ pé VMAT borí. Ṣùgbọ́n kíndìnrín wo ni? Bí àyẹ̀wò kíndìnrín tí a ń fi oògùn onítànṣán ṣe bá fi hàn pé ti ọ̀tún ni ó ń ṣe ìdá 70 nínú 100 iṣẹ́, nítorí pé ti òsì ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ètò kìíní ni èmi yóò yàn, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kan èyí tí aláìsàn gbára lé. Bí ó bá jẹ́ ti òsì ni ó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, kò sí àríyànjiyàn, VMAT ni. Bí méjèèjì bá dọ́gba, tí aláìsàn náà kò sì dàgbà púpọ̀, mo ṣì fara mọ́ VMAT, ṣùgbọ́n mo gbà pé dókítà tí ó bá fẹ́ fi kíndìnrín kan pa mọ́ pátápátá ní ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò yẹn kò wọ́n tó iye tí àìní rẹ̀ lè mú wá, pàápàá láàárín wa níbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti ń ba kíndìnrín jẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí jẹjẹrẹ tó dé. Ẹ sì béèrè bóyá cisplatin wà nínú kẹ́mò náà, nítorí pé kíndìnrín kan náà ni oògùn yẹn ń fojú sí.

Ẹ̀dọ̀, ìfun, ọ̀pá ẹ̀yìn

Ní ti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni: kí ibi tí ó gba jù má kọjá 45 Gy. Ìlànà iwájú àti ẹ̀yìn ń gbé e lọ sí etí ààlà náà, àwọn yòókù ń yẹra fún un láìsí wàhálà. Ọkàn kò sábà jẹ́ ìṣòro, àyàfi bí jẹjẹrẹ bá wà lókè níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ àpòlúkù.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fi ohun tí IMRT ń gbà lọ́wọ́ wa hàn. Àròpín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí 30 Gy fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, ó sì yẹ kí ó rẹlẹ̀ sí i fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ní àléébù. Ìtànṣán tí IMRT àti VMAT mú kúrò lára kíndìnrín kò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ó dà bí omi tí a gbọ́n kúrò ní yàrá kan tí ó sì ṣàn wọ yàrá kejì. Púpọ̀ rẹ̀ ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, nítorí náà ètò VMAT lè dín apá ẹ̀dọ̀ tí ó gba 30 Gy kù, kí ó sì jẹ́ kí apá tí ó gba 5 tàbí 10 Gy gbòòrò gan-an. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a ṣe àyẹ̀wò jẹ́dọ̀jẹ́dọ̀ B fún gbogbo aláìsàn, torí pé kẹ́mò àti ìtànṣán lè jí i dìde. Fún ìfun kékeré, kí apá tí ó gba 45 Gy nínú gbogbo àyè ìfun má tó 195 sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta. Lórí èyí, IMRT máa ń ṣe dáadáa ju 3D-CRT lọ.

Ìtànṣán kékeré tí ó fọ́n ká yìí ni àwọn kan fi ń bẹ̀rù pé jẹjẹrẹ tuntun lè yọ lọ́jọ́ iwájú. Fún ẹni ọdún 35, mo gbà pé kí a rò ó. Fún ẹni ọdún 68 tí jẹjẹrẹ àpòlúkù rẹ̀ ti wọ kókó límfù, èmi kò ní jẹ́ kí ó yí ìpinnu padà.

Ohun tí àwòrán orí kọ̀ǹpútà kò rí

Ètò tí ó lẹ́wà lórí kọ̀ǹpútà, ara tí ó dúró jẹ́ẹ́ ní ọjọ́ kan ni a fi ṣe é. Ẹ̀yà inú ikùn òkè lè lọ sókè sódò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ bí ènìyàn ti ń mí, ìyókù àpòlúkù sì ń fẹ̀ bí oúnjẹ bá wà nínú rẹ̀. Bí ìlànà bá ṣe gé etí tó ni àṣìṣe kékeré ṣe ń ná wa tó: IMRT tí ó gé ìtànṣán kúrò mílímítà díẹ̀ sí ojú ìsopọ̀ lè ṣì í pátápátá ní ọjọ́ tí aláìsàn bá jẹ ẹ̀kọ kí ó tó dé.

Nítorí náà, ìfiwéra kò pé bí a kò bá fi ìmúrasílẹ̀ kún un. Kí aláìsàn má jẹun fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó ya CT, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ní gbogbo ọjọ́ ìtọ́jú. Kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè orí, pẹ̀lú ohun tí yóò gbé wọn dúró. Kí ilé ìwòsàn lo CT tí ń tẹ̀ lé mímí, èyí tí wọ́n ń pè ní 4D-CT, tàbí kí wọ́n kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe dá èémí dúró. Kí wọ́n ya àwòrán lórí ẹ̀rọ ìtọ́jú fúnra rẹ̀ kí ìtànṣán tó tàn, kí wọ́n sì fi wé ti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kò bá lè ṣe àwọn wọ̀nyí, tí ó sì ń fi IMRT yangàn, 3D-CRT tí àlàfo rẹ̀ gbòòrò ni èmi yóò gbà níbẹ̀.

Ìwọ̀n ara tún wà níbẹ̀. Ẹni tí a gé àpòlúkù rẹ̀ kì í jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀, ìtànṣán àti kẹ́mò sì tún ń mú èébì wá. Nínú INT-0116, ìdá 64 nínú 100 péré ni ó parí ìtọ́jú bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀. Ìdá 17 dá a dúró nítorí ìpalára rẹ̀. Bí aláìsàn bá rù, ara rẹ̀ ti yàtọ̀ sí èyí tí a fi ṣe ètò, a sì lè ní láti ya CT tuntun láàárín ìtọ́jú. Kí onímọ̀ oúnjẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ìgbà tí aṣọ bá ti ń bọ́ lára.

Ẹ fi ìdánilójú ẹ̀rọ kún un pẹ̀lú. Ibùdó NSIA-LUTH tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà, Èkó, ní 2019, wà lára àwọn ibi tí ó mú ẹ̀rọ linac ìgbàlódé, èyí tí ń fi iná mànàmáná ṣe ìtànṣán, sún mọ́ àwọn ará wa. Ṣùgbọ́n níbikíbi, iná lè lọ, ohun èlò ẹ̀rọ lè bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ó di mẹ́jọ ń fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó ṣẹ́ kù ní àyè láti tún bí sí i, ìlànà kankan kò sì lè dá àǹfààní tí ó sọnù bẹ́ẹ̀ padà ní kíkún. Bí ọjọ́ kan bá bọ́, ilé ìwòsàn lè fi ọjọ́ Sátidé dí i, tàbí kí wọ́n fún aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan pẹ̀lú wákàtí mẹ́fà ó kéré tán láàárín.

Ìbéèrè tí ẹbí lè gbé lọ bá dókítà

Kò sí ẹni tí ó retí pé kí ẹbí ka àtẹ DVH, àwòrán onílà tí ó ń fi hàn iye ìtànṣán tí apá ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan gbà. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: “Ẹ jọ̀wọ́ dókítà, èwo nínú kíndìnrín rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù, mélòó ni kíndìnrín náà yóò gbà nínú ètò yìí?” Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣe ètò ju ẹyọ kan lọ, kí ni wọ́n sì rí tí wọ́n fi yan èyí tí wọ́n yàn. Ẹ béèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí irú ìbéèrè wọ̀nyí; ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń kúrú.

Nígbà tí ìtọ́jú bá parí, kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò creatinine àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè fún ọdún díẹ̀, kì í ṣe fún oṣù díẹ̀, nítorí pé ìpalára kíndìnrín máa ń pẹ́ kí ó tó yọjú. Ẹni tí wọ́n gé gbogbo àpòlúkù rẹ̀ yóò nílò fítámì B12 títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà ètò ìtọ́jú náà, pẹ̀lú iye tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan gbà àti ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé iṣẹ́ abẹ. Bí ìtànṣán bá tún di ohun tí a nílò ní ibòmíràn lára lọ́jọ́ iwájú, ìwé yẹn ni dókítà tuntun yóò kọ́kọ́ béèrè.